Òwú Òsì Lẹ́sẹ̀ Olùbẹ̀wò Ọba

Wọ́n ti gé òwú náà kúrò lẹ́sẹ̀ òkú kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Balógun Herrán tẹ́ ẹ sórí tábìlì nínú yàrá ilé-èrò, òwú dúdú àti funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Òkú wà lórí ibùsùn, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

"Casilda, ìwọ lò ń wẹ òkú nílùú yìí," Balógun wí. "Wẹ eléyìí dáadáa. Igbákejì Ọba ló rán an wá láti Lima."

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. Don Gaspar ni. A ríra lánàá."

"Kí ló bá ọ sọ?"

"Ó ní òtútù ń mú òun."

Irọ́ ni mo pa. Ohun tí Don Gaspar bi mí ni iye ọkùnrin tó wọ ihò fàdákà San Telmo lóṣù tó kọjá tí wọn ò jáde. Mo ní mẹ́tàdínlógún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Àwọn aláṣẹ ihò ní ilẹ̀ ló ya lù wọ́n. Àwa gbọ́ nǹkan mìíràn. A gbọ́ pé iná ràn mọ́ igi inú ihò, wọ́n wá fi òkúta mọ ògiri dí ẹnu rẹ̀ kí iná má baà dé ibi tí fàdákà wà. Àwọn ọkùnrin náà ṣì ń kígbe nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n.

"Mo ti mú ẹni tó pa á," Balógun wí. "Eusebio Layme, ẹni tó ń da ẹran lámà. Irun ẹran rẹ̀ ni òwú yìí, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Ó dè é lẹ́sẹ̀, ó sì fọ́ ọ lórí. Lọ́jọ́ Sátidé, bí aago ọ̀sán bá ti lù, a ó yìnbọn fún un."

Ọjọ́rú la wà.

"Ta ló rí i, ọ̀gá?"

"Kò pọndandan kí ẹnikẹ́ni rí i."

Òótọ́ ló sọ. Bí òfin Ọba Sípéènì ṣe wà nìyẹn láti ìgbà tí ọ̀tẹ̀ àwọn baba ńlá wa ti kùnà, kò sì tíì yí padà ní ọdún 1934 tí mò ń sọ yìí, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ láti Madrid ní gbogbo àárọ̀. Ọkùnrin òyìnbó kan, ẹlẹ́rìí kan. Ọkùnrin ọmọ onílẹ̀ méjì, ẹlẹ́rìí kan. Obìnrin ọmọ onílẹ̀ mẹ́ta, ẹlẹ́rìí kan. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n fi ń dá òyìnbó lẹ́bi ikú. Láti dá ọmọ onílẹ̀ lẹ́bi, kò gba ẹyọ kan.

Mo bu omi, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yìn orí ni wọ́n ti lù ú, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàtà rẹ̀ ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀, ti òsì wà nílẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà lọ́wọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ kán sí ìbọ̀sẹ̀ òsì, àbàwọ́n ńlá kan ní ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí òwú náà wà gan-an. Mo wo àbàwọ́n náà títí. Etí rẹ̀ mọ́, kò fà, kò sì ní ojú òwú kankan nínú. Mo padà sídìí tábìlì, mo gbé òwú wò. Kò ní ẹ̀jẹ̀ rárá.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó. Ẹ̀jẹ̀ yìí ti gbẹ kí òwú tó dé ibẹ̀."

Ó wò ó. Ó ga, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí kò tíì sùn. "Kí ni ìyẹn wá fi hàn?"

"Ṣé apànìyàn á jókòó ti òkú títí ẹ̀jẹ̀ á fi gbẹ, kó tó wá dè é lẹ́sẹ̀? Níbo ló rò pé òkú fẹ́ sá lọ?"

"Ta ló mọ ohun tí ẹ̀yin èèyàn yìí ń rò," ó wí, ó sì jáde.

Ìgbà tó jáde ni mo tó fi ìka yí òwú náà wò. Ọ̀tún la máa ń ran òwú aṣọ sí. Òsì ni wọ́n ran eléyìí sí. Ti òkú ni òwú òsì. Bí wọ́n bá pa èèyàn wa tí a ò mọ ẹni tó pa á, a máa ń fi so ẹsẹ̀ òkú, kí ẹsẹ̀ apànìyàn lè wúwo, kó má lè jìnnà sí ibi tó ti ṣiṣẹ́ náà. Kì í ṣe ọwọ́ apànìyàn ló so òwú yìí. Ẹni tó fẹ́ kí ọwọ́ tẹ apànìyàn ló so ó.

Mo bọ́ sí ilé ìdáná. Petrona, tó ń se oúnjẹ fún ilé-èrò, jókòó síbẹ̀, ó ń bó pòtétò. Ìyàwó Eusebio ni.

"Petrona."

"Ìyá."

"Ta ló so òwú yẹn?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Wò mí lójú. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so kókó yẹn, ọmọ ọdún méje ni ọ́, o sì ń ṣe é ní àṣìṣe. Àṣìṣe yẹn náà ni mo rí níbẹ̀."

Kò sunkún. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo gbé omi ewé koka lọ fún un láàárọ̀, mo bá a bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún mi, Ìyá. Ó ní òun á mú kí wọ́n wó ògiri yẹn, kí n lè rí Fermín àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ egungun. Mo tú òwú ìdí mi, mo tún un ran sí òsì, mo so ó mọ́ ọn. Mo ní kí ẹni tó pa á má lè lọ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Ọkọ mi ni wọ́n wá mú. Òwú tí mo ran ló fẹ́ pa á. Kí n lọ sọ fún Balógun pé èmi ni?"

"Kó lè yìnbọn fún ẹ̀yin méjèèjì? Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Kí wá ni ká ṣe?"

"O ti fi iṣẹ́ rán òwú. Jẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an."

Ọkùnrin mẹ́ta ló sùn ní ilé-èrò lóru tí wọ́n pa Don Gaspar, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Balógun fúnra rẹ̀, ọmọ Sípéènì. Don Hilarión Sáenz, oníṣòwò aṣọ láti etí òkun. Don Anselmo Bustinza, alábòójútó ihò San Telmo, òyìnbó tí wọ́n bí síbí. Obìnrin wa ló fún Bustinza lọ́mú, ó sì gbọ́ èdè wa ju ọmọ mi lọ. Èdè wa ló fi ń bú àwọn ọkùnrin nígbà tó bá ń nà wọ́n.

Sáenz ni mo kọ́kọ́ fura sí. Èmi náà ni mò ń fọ aṣọ ilé-èrò, mo rí aṣọ ìnujú mẹ́rin tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Mo kó wọn lọ bá a.

"Don Hilarión, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

Ó dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ di imú. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni, ìyá. Ìlú yín ga jù. Ẹ̀jẹ̀ ò dá ní imú mi láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí ẹ fi ń gbé níbi tí èèyàn ò ti lè mí."

"Wọ́n ní ẹ bá olóògbé jà níbi oúnjẹ."

"Ó ní aṣọ mi kì í ṣe ojúlówó! Bí mo bá ń pa gbogbo ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá kù ní Lima?"

Ẹ̀jẹ̀ tún bọ́ ní imú rẹ̀ níṣojú mi. Nígbà tó gbìyànjú láti dìde, ó dì mọ́ ògiri. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé òun ni yóò lágbára láti fọ́ orí ẹlòmíràn? Mo fún un ní ewé koka kó rún lẹ́nu kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀, mo sì yọ ọ́ kúrò lọ́kàn.

Ó ku méjì. Mi ò mọ èwo nínú wọn, mi ò sì lè bi Balógun ní ìbéèrè bí ẹni ń bi ọmọ ilé. Nítorí náà ni mo ṣe rìn yí ìlú ká ní ìrọ̀lẹ́. Mo bá àwọn tó ń fọ lọ́rí sọ̀rọ̀. Mo bá àwọn tó ń fún ìbaaka lóúnjẹ sọ̀rọ̀. Mo bá ẹni tó ń ṣọ́ afárá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sọ fún gbogbo wọn: òwú wà lẹ́sẹ̀ òkú, kí ẹnikẹ́ni tó sùn ní ilé-èrò má lè jáde nílùú.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Sáenz ní òun ń lọ. Ìbaaka rẹ̀ ń tiro. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀, ó ń ṣépè fún ìyá ẹni tó tà á fún un. Balógun fẹ́ rán lọ́rí rẹ̀ lọ sí ìlú Potosí lọ gbé yìnyín fún òkú, lọ́rí ò dún. Ó gbá awakọ̀ létí. Bustinza náà fẹ́ lọ. Irin ẹsẹ̀ ìbaaka rẹ̀ jábọ́ kó tó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yá ti ẹlòmíràn, ó dé afárá, wọ́n ní pákó méjì ti jábọ́ sódò.

Mo dúró lẹ́bàá afárá, mo ń fọ aṣọ. Mo ń retí kó bú ẹnì kan. Ó máa ń na èèyàn nítorí pé omi tii rẹ̀ tutù. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ìbaaka, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sún mọ́ mi, ó fi èdè wa sọ ọ́ wẹ́lẹ́:

"Ìyá Casilda, òwú tí wọ́n bá lẹ́sẹ̀ ọkùnrin yẹn. Níbo ló wà?"

"Ọwọ́ Balógun ni, Don Anselmo."

"Ṣé ó ti sun ún?"

"Ó gé e ni."

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ara tù ú. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ẹni tí ìbaaka rẹ̀ tiro yóò wo ìbaaka. Ẹni tí lọ́rí rẹ̀ kú yóò gbá awakọ̀. Ẹni tó pààyàn nìkan ni yóò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí yóò béèrè òwú.

Ṣùgbọ́n èrò mi kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ka ọjọ́. Ó ku méjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo bá Petrona gbé ọbẹ̀ fún àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mo ṣe ń bu ọbẹ̀ sínú àwo Bustinza, mo fi èdè wa bá Petrona sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ṣòfófó.

"Òwú tí wọ́n gé yẹn, ti ìta ni. Mo ti so òmíràn mọ́ ọn lára, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀."

Petrona dáhùn dáadáa. "Bí wọ́n bá wá rí i ńkọ́, Ìyá?"

"Ta ni yóò rí i? Lọ́la, lẹ́yìn tí wọ́n bá yìnbọn fún Eusebio, wọ́n á kan pósí pa. Bí wọ́n bá ti kàn án, ó parí. Kò sẹ́ni tó lè gé e mọ́ láéláé."

Sáenz ní ọbẹ̀ ti tutù. Balógun ń ka ìwé. Síbí Bustinza dúró láàárín àwo àti ẹnu, ó pẹ́ kó tó gbé e.

Mo lọ bá Balógun láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó wọ àgbàlá. Níta, àwọn sójà ti ń fi ẹfun kun ògiri ibi tí Eusebio máa dúró sí.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n gbé òkú sí. Ẹ jókòó sókè pẹ̀lú mi di aago mọ́kànlá. Ẹni tó pa Don Gaspar yóò wá."

"Ta ló sọ fún un pé kó wá?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí kò bá wá ńkọ́?"

"Kí ẹ fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Eusebio."

"Ìyẹn á dùn mọ́ mi," ó wí, ó sì mú fìlà rẹ̀. "Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù nílùú yìí."

Òkè ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn àsẹ́ onígi, ni òfin ní kí àwa obìnrin ọmọ onílẹ̀ máa jókòó sí, kí àwọn òyìnbó má baà máa rí wa nígbà àdúrà. Ó ṣókùnkùn níbẹ̀. Àwọn obìnrin ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, wọ́n jókòó pa, olúkúlùkù pẹ̀lú igi ìranwú rẹ̀. Balógun ò ka iye wọn. Ó jókòó sórí àpótí, ó yọ aago rẹ̀, ó gbé e sórí itan.

Aago mẹ́wàá kọjá. Ìdajì wákàtí tún kọjá. Nísàlẹ̀, pósí wà láàárín àbẹ́là mẹ́rin, ìdérí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Balógun yí ojú aago sí mi kí n lè rí i.

Ilẹ̀kùn dún.

Bustinza ṣí fìlà. Ó wo ìsàlẹ̀ yíká, gbogbo ìjókòó ló ṣófo. Kò wo òkè. Àwọn òyìnbó kì í wo òkè níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní ìdí pósí bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, ó wá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, a sì rí i tó ń fa ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó fi Sípáníìṣì bá òkú sọ̀rọ̀, nítorí èdè òkú nìyẹn.

"Don Gaspar, ẹ jẹ́ kí n lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ya ojú ìwé yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lù yín, mi ò jẹ́ kí ẹ jìyà. Mo fẹ́ gé e báyìí. Ẹ má tẹ̀lé mi mọ́."

Ó gé e. Ó kó òwú náà sápò, ó mí kanlẹ̀.

Balógun dìde. Mo wo ojú rẹ̀ bó ti ń sọ̀kalẹ̀, kò sí ayọ̀ ẹni tó mú ọ̀daràn lójú yẹn. Mo tẹ̀lé e. Àtẹ̀gùn ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bustinza yí padà.

"Herrán," ó wí. Kò sá. "Ṣé ìwọ ni yóò mú mi? Àwọn sójà ẹ ló dúró lẹ́nu ihò nígbà tí à ń mọ ògiri. Ìwọ lo ní kí wọ́n yìnbọn fún ẹni tó bá yọ orí. Orúkọ ẹ wà nínú ìwé yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi."

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

"Ta ló ń gbọ́? Èmi àti ìwọ la wà níbí."

Ó gbàgbé èmi. Balógun kò gbàgbé. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nídìí ìbọn, ó sì ń wo èmi, kì í ṣe Bustinza. Mo rí i pé ó ń ṣírò rẹ̀: ìbọn méjì, àti ìtàn kan tí yóò sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Potosí. Aago ọ̀sán á lù, Eusebio á kú, ọ̀rọ̀ á parí.

"Ọ̀gá," mo ní, "a pé méjìlá."

"Méjìlá kí ni?"

"Obìnrin. Mẹ́ta, ẹlẹ́rìí kan. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin nìyẹn. Òfin Ọba béèrè méjì péré, ṣùgbọ́n mo mú lé, nítorí mo mọ̀ pé ẹ lè fẹ́ yọ díẹ̀."

Ó gbójú sókè. Lẹ́yìn àsẹ́, wọ́n ti dìde. Ojú wọn nìkan la ń rí. Ìró igi ìranwú nìkan ló ń dún. Petrona wà láàárín.

Ó mú ọwọ́ kúrò nídìí ìbọn. "Kí lo fẹ́?"

"Ìwé ìtúsílẹ̀ Eusebio. Kí ẹ kọ ọ́ níbí, kí ẹ fi òǹtẹ̀ lù ú, kí n mú un lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ de eléyìí."

"Kí ni kí n kọ? Pé òwú ló mú ọkùnrin Ọba?"

"Ẹ kọ ohun tí ẹ fi etí yín gbọ́. Ó ní òun lù ú. Kò le láti kọ."

Orí ìdérí pósí ló ti kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jáde, nítorí wọ́n máa ń rò pé a ò mọ̀wé. Mo sáré. Aago ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí lù nígbà tí mo dé àgbàlá, wọ́n ti di aṣọ mọ́ Eusebio lójú. Sájẹ́ǹtì náà ka ìwé, ó tún un kà, ó sì tú aṣọ náà. Eusebio ò lè rìn. Petrona, tó ti sáré tẹ̀lé mi, gbé e sẹ́yìn bí ẹni gbé ẹrù, ó gbé e lọ sílé.

Ní ọjọ́rọ̀, wọ́n gbé Bustinza sínú lọ́rí, pẹ̀lú sójà méjì, láti gbé e lọ sí Potosí. Balógun jókòó níwájú. Lọ́rí ò dún. Wọ́n tì í, kò dún. Mi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rí Balógun tó ń bọ̀ lọ́nà ilé mi, òun nìkan. Èmi àti Petrona jókòó lẹ́nu ọ̀nà, à ń ran òwú dúdú àti funfun. A ti ran púpọ̀. Ó dúró, ó ń wo igi ìranwú mi bó ti ń yí.

"Kí lẹ ṣe sí lọ́rí mi?"

"Ó ti gbó, ọ̀gá."

"Òwú kí nìyí?"

"Ti àwọn ará San Telmo. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógún. A ò lè dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà, nítorí náà a ó so ó mọ́ òkúta ẹnu ihò."

"Ẹ ti mú ẹni tí ẹ fẹ́ mú. Ó wà nínú lọ́rí."

"Ti Don Gaspar nìyẹn, ọ̀gá. Àwọn wọ̀nyí, a ò tíì sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló pa wọ́n."

Ó wo ọ̀nà Potosí, ó wo lọ́rí níbi tó dúró sí. Ọmọ Sípéènì ni, obìnrin wa kankan ò fún un lọ́mú. Mo retí kó bú mi. Mo retí kó pàṣẹ kí wọ́n jó òwú náà.

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Casilda," ó wí, "òwú yẹn. Òkúta wo gan-an lẹ fẹ́ so ó mọ́?"

Petrona gbójú sókè, ó wò mí. Mo ń ran òwú mi lọ.